Ọwọ́ Ta Ni Ọmọ Wà? Ọ̀rọ̀ Lórí Títọ́ Ọmọ Kékeré ní Òkè Òkun



Bí a bá pàdé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí ẹnìkan nínú wa bá ní ọmọ òun ti dé London tàbí Manchester, ìbéèrè tí a máa ń bi í kò ju mẹ́ta lọ. Ṣé ó ti rí iṣẹ́? Ṣé ó ti rí ìwé? Ṣé ó ti ń fi nǹkan ránṣẹ́ sílé? Bí ó bá tún ní ìyàwó ọmọ náà ti bímọ, a ó bá a yọ̀, a ó ṣe àdúà, a ó sì bèèrè orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kì í jáde lẹ́nu wa: Ọwọ́ ta ni ọmọ náà wà láti àárọ̀ títí di alẹ́?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn wa ti ọdún yìí. Èrò mi ni pé ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ ọmọ yẹ kí ó wà ní ọwọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀, àti nínú èdè wọn, níbikíbi tí wọn ì báà máa gbé. Èrò mi sì tún ni pé àwa tí a wà nílé ní Àjàgbà níbí wà lára àwọn tí ń jẹ́ kí èyí ṣòro fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni a sì lè wà lára àwọn tí yóò mú un rọrùn.

BÍ NǸKAN ṢE RÍ LỌ́HÙN-ÚN

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa níbí, bí obìnrin bá bímọ, kì í dá wẹ ọmọ. Ìyá ọkọ wà níbẹ̀, ìyá tirẹ̀ náà ń bọ̀ lọ́nà. Bí ó bá fẹ́ lọ sí oko tàbí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, ẹ̀gbọ́n ọmọ yóò pọ̀n ọ́n, tàbí kí aládùúgbò gbà á mọ́ra. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹnìkan ló ń bí ọmọ, igba ènìyàn ló ń bá a wò ó.

Ní òkè òkun, igba ènìyàn yẹn kò sí. Tọkọtaya nìkan ni. Bí ìyàwó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ẹni tí ń tọ́jú àwọn arúgbó, iṣẹ́ òru ni ó sábà máa ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí ọkọ bá ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí tàbí tí ó ń wa ọkọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò ti jáde. Ọ̀kan ń wọlé, èkejì ń jáde. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gba ọmọ lọ́wọ́ ara wọn. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́, owó rẹ̀ lè gba gbogbo owó oṣù ẹnìkan nínú wọn tán. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n sì ti kọ ọ́ mọ́ ìwé àṣẹ ìgbélùú wọn pé wọn kò gbọdọ̀ jẹ nínú owó ìrànwọ́ ìjọba.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé ṣì rò pé bí a bá ti bí ọmọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti di ọmọ ìlú náà, ìjọba yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí èyí ti yí padà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983 ni òfin wọn ti sọ pé ọmọ tí a bí síbẹ̀ kò di ọmọ ìlú bí kò ṣe pé bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú, tàbí kí ó ní àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí láé. Nítorí náà, ẹ má rò pé àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń tọ́mọ lọ́hùn-ún ń jókòó lórí tìmùtìmù. Oorun ni wọ́n fi ń san owó ọmọ títọ́.

OHUN TÍ Ó TI ṢẸLẸ̀ RÍ

Ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun. Láti àwọn ọdún 1950 ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Yorùbá ti ń lọ sí ìlú ọba láti kọ́ ìmọ̀ òfin, ìṣirò owó, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìtọ́jú aláìsàn. Ìpinnu wọn ni pé kí àwọn gba ìwé ẹ̀rí, kí àwọn sì padà wá tún ilé ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ tọkọtaya, ọmọ sì ń dé. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, wọ́n ń lọ sí kíláàsì lálẹ́. Yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, nítorí àwọn onílé kan kọ aláwọ̀ dúdú, àwọn mìíràn kọ ẹni tí ó ní ọmọ. Àfi ní ọdún 1968 ni òfin tó sọ ọ́ di èèwọ̀ láti fi àwọ̀ ara dí ènìyàn lọ́nà àtirí ilé gbà.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kọ ìpolówó sínú ìwé ìròyìn kan tí ń jẹ́ Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tí yóò gba ọmọ tọ́. Àwọn òyìnbó ní Essex, ní Kent àti ní àwọn agbègbè mìíràn tí ó jìnnà sí ariwo London gba àwọn ọmọ náà, wọ́n sì ń gba owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ mìíràn kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi gbé e lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá, Ígbò àti ọmọ Gánà ni wọ́n tọ́ báyìí títí di àwọn ọdún 1990. Orúkọ tí wọ́n ń pe àṣà náà ni farming, bí ẹni pé ọmọ jẹ́ irúgbìn tí a lọ gbìn sí oko olóko.

Àwọn òbí wọ̀nyí kì í ṣe ìkà. Àṣà wa ni wọ́n tẹ̀lé. Ní ilé wa, a máa ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìyá àgbà tàbí olùkọ́, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé a ta ọmọ náà. Wọ́n rò pé ohun kan náà ni àwọn ń ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà. Nílé, ẹni tí a fi ọmọ fún mọ ìdílé ọmọ, ó ń sọ èdè rẹ̀, ó mọ orúkọ rẹ̀ pè, ó sì mọ̀ pé bí òun bá fi ìyà jẹ ẹ́, àwọn àgbà yóò pe òun sí àárín. Ní Essex, àlejò kan ṣoṣo ni wọ́n fi ọmọ fún, kò mọ ìdílé náà rí, kò sì sí àgbà kankan tí yóò pè é. Igba ènìyàn ni òwe wí, kò ní kí a sanwó fún ẹnìkan láti rọ́pò igba.

Lára àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Adewale Akinnuoye-Agbaje, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ nínú eré sinimá. Ọmọ Yorùbá ni, wọ́n bí i ní London ní ọdún 1967, àwọn òbí rẹ̀ ń kàwé. Láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ti fi í sọ́dọ̀ ìdílé òyìnbó kan ní Tilbury ní Essex. Nígbà tí wọ́n mú un wá sí Nàìjíríà ní kékeré, kò gbọ́ èdè, kò mọ àṣà, kò sì mọ ẹni tí ó ń jẹ́ bàbá àti ìyá òun. Wọ́n tún dá a padà. Ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ ìta òyìnbó tí wọ́n ń lu àwọn aláwọ̀ dúdú. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ọmọ dúdú ń bá wọn lu dúdú, nítorí ó kórìíra awọ ara òun fúnra rẹ̀. Ọlọ́hun yọ ọ́, ó padà kàwé, ó gba oyè nínú ìmọ̀ òfin, ní ọdún 2018 ó sì fi ìtàn ayé ara rẹ̀ ṣe sinimá tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Farming. Ẹni tí ó là á já ni a gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ta ni yóò sọ ti àwọn tí kò là á já?

Ìjọba wọn náà rí i pé ọ̀rọ̀ náà léwu. Òfin ọdún 1989 lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé sọ pé bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá máa gbé ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí tàbí ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dandan ni kí ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀ sí i. Láti ọdún 2005, wọ́n ní kí wọ́n ti sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Ẹni tí ó bá ní ọmọ lọ́hùn-ún, kí ó rán an létí òfin yìí, kí ó má baà rò pé ọ̀rọ̀ láàárín òun àti ọ̀rẹ́ òun nìkan ni.

TI ÒDE ÒNÍ

Lónìí, nǹkan ti gba ọ̀nà mìíràn yọ. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n ń lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè mú aya, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún náà, òfin kan náà dé orí àwọn tí wọ́n ń lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Nítorí náà, àwọn òbí mìíràn ń fi ọmọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní ilé. Àwọn tí ó bí ọmọ síbẹ̀ náà, bí iṣẹ́ bá ti pá wọn lórí, wọn a gbé ọmọ ránṣẹ́ sí wa.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé: ṣebí ọwọ́ ìyá àgbà kì í ṣe ọwọ́ àlejò, àwa náà ṣebí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà la gbé dàgbà, kí ló ṣe wá? Òótọ́ ni. Ọwọ́ ìyá àgbà sàn ju ọwọ́ àlejò lọ ní ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa gbé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, bàbá wa wà ní Okitipupa tàbí ní Ọ̀rẹ̀, a sì ń rí i nígbà ọdún àti nígbà ìsinmi. Ọmọ tí òbí rẹ̀ wà ní ìlú òyìnbó lè lo ọdún mẹ́rin láì fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá wá mú un lọ, yóò máa sunkún ìyá àgbà bí ẹni pé wọ́n jí i gbé. Ìyá tí ó ti ń fi omijé ka ọjọ́ yóò wá rí i pé ọmọ òun ń sá fún òun.

Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọmọ sílẹ̀ nígbà tí òfin kò fún un láyè. Èyí tí mo ń sọ ni pé bí ó bá di dandan, kí ó ní ìwọ̀n. Kí ọjọ́ tí wọn yóò tún pàdé ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó pínyà. Kí bàbá àti ìyá máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ lórí fóònù, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ nìkan. Kí ìyá àgbà má sì ṣe jẹ́ kí ọmọ máa pe òun ní «Mọ́mì». Ẹni tí ó bímọ ni kí ọmọ mọ̀ ní ìyá, ì báà jìnnà bí ọ̀run.

ÈDÈ NI ILÉ TÍ A LÈ GBÉ DÁNÍ

Ọ̀pọ̀ òbí tí ó gbìyànjú tí ó fi ọmọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ tún máa ń pàdánù rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn: Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ sí i. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá sọ Yorùbá sí i, kò ní mọ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ẹ̀kọ́ yóò sì fi í sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ wa níbí. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn ará Urhobo ti wá sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ láti kọ ẹyìn, láti fọ epo àti láti dáko. Àlejò ni wọ́n nígbà náà lọ́dọ̀ wa, bí àwọn ọmọ wa ṣe jẹ́ àlejò ní London lónìí. Wọ́n bímọ sí àwọn abúlé wa. Àwọn ọmọ wọn ń sọ Urhobo nínú ilé, wọ́n ń sọ Ìkálẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn lóde, wọ́n tún ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹnu wọn kò ya. Orí ọmọdé kì í kún fún èdè. Èdè ìta yóò kọ́ ara rẹ̀ fún ọmọ; èdè ilé ni ó ń fẹ́ ẹni tí yóò kọ́ ọ.

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa náà ti dán an wò. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Bí èyí bá ṣeé ṣe ní Ifẹ̀, kí ló dé tí ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì yí ká ní London yóò fi sọ Gẹ̀ẹ́sì nù nítorí pé ìyá rẹ̀ kí i ní «ẹ káàárọ̀»?

Ìtàn kan wà nínú ìròyìn àwọn Sàhábà tí ó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ sá kúrò ní Mẹ́kà lọ sí ilẹ̀ Hàbáṣà ní nǹkan bí ọdún 615, àwọn kan bímọ sí ibẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni ọmọbìnrin kékeré tí a mọ̀ sí Ummu Khalid. Nígbà tí wọ́n padà dé Mẹ̀dínà, Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi aṣọ kékeré kan tí ó ní iṣẹ́ ọnà wọ̀ ọ́, ó ń fi ọwọ́ ra ọnà aṣọ náà, ó sì ń sọ fún un pé «Sanah, Sanah». Ọ̀rọ̀ Hàbáṣà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó dára. Ẹ wò ó: àwọn òbí rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sọnù ní ilẹ̀ àjèjì, nígbà tí ó sì délé, àgbà tí ó ga jù lọ kò fi ahọ́n rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, èdè tí ó mú bọ̀ láti ibẹ̀ ni ó fi kí i káàbọ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ÀWA ṢE

Èkínní, ẹ jẹ́ kí a dín ìbéèrè owó kù. Bí ènìyàn márùn-ún nínú ìdílé bá bèèrè owó iṣẹ́ ọjọ́ kan péré lọ́wọ́ ọmọ wa lóṣù, ọjọ́ márùn-ún ni ó gbọdọ̀ fi kún iṣẹ́ rẹ̀. Níbo ni yóò ti rí ọjọ́ márùn-ún yẹn? Ara ọjọ́ ọmọ rẹ̀ ni yóò ti gé e. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan jókòó, kí wọ́n fi ẹnu kò lórí ohun tí ó ṣe kókó, ìtọ́jú àwọn òbí àti àìsàn ní pàtàkì, kí ẹnìkan ṣoṣo sì máa bá a sọ ọ́. Ankó òkú àti ayẹyẹ kò yẹ kí ó dé etí rẹ̀.

Èkejì, bí a bá ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí a sọ èdè wa. Ìyá àgbà mìíràn tí kò sọ Gẹ̀ẹ́sì rí láyé rẹ̀ yóò máa pariwo «How are you?» nítorí pé ọmọ wà ní ìlú òyìnbó. Ọmọ náà ti ní ẹni púpọ̀ tí ń sọ ìyẹn fún un. Ìwọ nìkan ni ó lè sọ ti Ìkálẹ̀ fún un. Kí i, pe oríkì rẹ̀, pa àlọ́ fún un.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn àfáà wa ronú lórí èyí. Bí a bá ń fi fóònù kọ́ ọmọ lọ́hùn-ún ní kéwú fún ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí a sì ń fi Yorùbá túmọ̀ rẹ̀ fún un, ẹ̀kọ́ méjì ni ó gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wálé nígbà ọdún, tí ó pe «ọkọ̀» bí ẹni pe «ọkọ», ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín títí yóò fi dákẹ́. Ọmọ tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan kì í la ẹnu lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ mú un lọ sí odò, ẹ mú un lọ sí oko, ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ èdè níbi eré. Ẹ̀yin náà sì wà tí ẹ ń tijú láti sọ Yorùbá ní Àjàgbà níbí. Ẹ kò tíì rìn jìnnà sílé, ẹ ti fẹ́ di àlejò.

Àwọn baba wa sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ní òkè òkun ni wọ́n ń kọ́lé sí ìlú yìí, a sì ń fi ògiri rẹ̀ yangàn. Ó dára. Ṣùgbọ́n ilé tí ọmọ kò mọ ọ̀nà ibẹ̀, tí kò gbọ́ èdè àwọn tí ń gbé àyíká rẹ̀, alágbàtà ni a ń kọ́ ọ dè. Kí àwọn òbí lọ́hùn-ún fi ọwọ́ ara wọn tọ́ ọmọ, kí àwa náà gbé ẹrù kúrò lórí wọn kí ọwọ́ wọn lè dilẹ̀ láti gbé e.

Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa nílé àti lẹ́yìn odi. Kí Ó fún àwọn òbí wọn ní okun, ìsinmi àti sùúrù. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí a bímọ fún ilẹ̀ onílẹ̀. Àmín.